Ìkòkò Àlàájà Lójú Ọ̀nà Ìtòrí

Òórùn ọ̀dà tútù gba gbogbo àgbàlá wa kan ní Ìjẹmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí à ń kun kẹ̀kẹ́ ẹrù yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń jí lọ sí Èkó, tí mò ń jókòó nínú ọ́fíìsì tí kò ní fèrèsé, tí n ó sì tún padà wá sùn ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n máa lọ sinmi, ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ kì í ṣe àga nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi máa wa ọkọ̀ lọ kọjá ibi tí títì ọlọ́dà parí sí, kí a pàgọ́ sẹ́bàá odò, kí a sun iṣu jẹ, kí ohùn ẹyẹ sì jí wa.

Ìyàwó mi kò fẹ́. Ó ní bàbá òun sá fún ẹ̀fọn oko wá sí ìlú, èmi wá fẹ́ mú òun padà lọ bá a. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún mi. "Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó bá yín gbìyànjú ẹ̀ wò, Dádì. Bí àyà mi bá fi lè já lójú ọ̀nà, mi ò lọ mọ́ láé." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń tọ́jú ọkọ̀.

Jíìpù àtijọ́ kan ni mo rà. Mo fi táyà tí ojú rẹ̀ le bíi ti katakata sí i, àti bátìrì kejì fún fíríìjì kékeré, sólà lórí òrùlé, pẹ̀lú àgọ́ kan tí ń ṣí bí agbòòrùn. Èmi àti wẹ́dà kan ní Láfẹ́ńwá la jọ ṣe kẹ̀kẹ́ ẹrù tí yóò máa tẹ̀lé e: táyà méjì, àpótí ńlá lórí, ọ̀pá irin gígùn níwájú tí à ń fi kọ́ ìdí jíìpù. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní ọmọlanke. Wọn a ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi?" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn bí ọmọdé tí wọ́n dá aṣọ ọdún fún. Kò sí ohun tí n kò gbé sórí òṣùwọ̀n. Mo mọ̀ dájú pé níwájú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, níhà jíìpù, ni ẹrù tó wúwo gbọ́dọ̀ wà. Bí ìdí rẹ̀ bá wúwo ju iwájú lọ, tí eré bá ti pọ̀, yóò máa jù bí ìrù ajá, yóò sì máa fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Nítorí náà mo to omi àti gáàsì síwájú, mo fi àgádágodo tì í, mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún aṣọ àti ibùsùn.

Ohun tí n kò wọ̀n ni àwọn ènìyàn mi.

Nílé tiwa, ẹnìkan kì í lọ sí ìrìn àjò lọ́wọ́ òfo. "Bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ lágbájá" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ara ìdágbére ni. Lówùúrọ̀ Sátidé tí a fẹ́ gbéra, ààfáà ń ṣàdúà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo di ojú, mò ń ṣe àmín, àwọn kan sì ń ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Nígbà tí n ó fi la ojú, ìdí kẹ̀kẹ́ ti jókòó sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, Àlàájà, oníṣòwò ìkòkò irin, ẹni tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ ní Ìtòrí, Àlàájà sì ti kó ìkòkò ńláńlá àti àpò gaàrí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ fún un. Òun alára ti jókòó sẹ́yìn nínú jíìpù, ó ń ka tẹ̀sùbáà, nítorí a ó já a sílẹ̀ ní Ìtòrí kí àwa tó yà sínú igbó.

Ìyàwó mi fà mí lápá, ó rọra ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ jù. Èmi náà rí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àlàájà, lójú ààfáà àti gbogbo agboolé, pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò? Mo ní n ó rọra wà á.

Mo rọra wà á lóòótọ́, títí a fi jáde nílùú. Lẹ́yìn náà ọ̀nà ṣófo, ó tún ń dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí eré pọ̀ sí i. A ti ń súnmọ́ Wásinmi nígbà tí ìdí jíìpù yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tì. Ó yẹ̀ sí òsì. Ó tún yẹ̀ sí ọ̀tún, èyí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú dígí mo rí kẹ̀kẹ́ náà tó ń fì, tí táyà rẹ̀ kan ń kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé tó kó símẹ́ǹtì ń bọ̀ níwájú. Gbogbo ara mi ní kí n tẹ búrẹ́kì. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, kẹ̀kẹ́ yóò yí wa po, yóò dà wá sábẹ́ àjàgbé yẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibi tí à ń tẹ̀ fún eré, mo di ṣíárìn mú gírígírí, n kò yí i sọ́tùn-ún, n kò yí i sósì. Àlàájà ti ń ka kálímà lẹ́yìn. Ọwọ́ ìyàwó mi wà lórí itan mi, ó le bí irin.

Àjàgbé fọn fèrè, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ́kípẹ́kí débi pé mo rí eruku lójú awakọ̀ rẹ̀. Eré wa ń dín. Kẹ̀kẹ́ tún fì, ó rọ̀, ó tò tẹ̀lé wa. Mo wọ́ lọ sí etí títì, mo pa ọkọ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ wo ìdí kẹ̀kẹ́.

Ìyàwó mi kò sunkún, kò bú mi. Ó kàn kọjú sí ọ̀nà tó padà sí Abẹ́òkúta, mo sì mọ ohun tó ń rò. Bí a bá fi lè padà, kẹ̀kẹ́ ti di ilé adìyẹ nìyẹn. Mo lọ dúró níwájú ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí gbogbo irun mi ti funfun.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Ìkòkò yín ló ń fì wá. A ní láti kó o kúrò lẹ́yìn."

Ó wò mí títí. "Ṣé o rí i nílé?"

"Mo rí i, mà."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Òun ló kọ́kọ́ rí i."

"Ẹ̀yin méjèèjì wá dákẹ́. Ẹ fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pa mí." Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ìborùn rẹ̀ mọ́ ìbàdí. "Ṣí iwájú yẹn, jàre. Ìyàwó wa, wá bá mi di etí ìkòkò yìí mú. Èmi tí mo ti ń fi orí ru ìkòkò kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ, ó wá ń bẹ̀rù láti bá mi sọ̀rọ̀ ẹrù."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tún ẹrù náà tò létí títì, èmi ń gba àṣẹ. Láti ibẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a já Àlàájà sílẹ̀ ní Ìtòrí, mo wo ojú ìyàwó mi, mò ń dúró de ìdájọ́. Ó di bẹ́líìtì rẹ̀.

"Níbo ni odò tí ẹ ń sọ yẹn wà?"

Láti ìgbà náà, Àlàájà ló ń di iwájú kẹ̀kẹ́ fún wa ní gbogbo ìlọ wa, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti lọ bá Ọlọ́run báyìí. Àwọn ará ilé ṣì ń kó ẹrù wá, ṣùgbọ́n kò wúwo tó tirẹ̀, iwájú a sì máa fúyẹ́. Ìyàwó mi ló ń pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, tí ó ń gbé e síbẹ̀ títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi tó ti ẹrù Àlàájà. Bí ó bá ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ tán, yóò gbé ọwọ́ lé e díẹ̀, lẹ́yìn náà ni n ó tó wọlé sídìí ṣíárìn.