Ọjọ́ tí Mo Gbọ́ Èdè Jàpáànù ní Massè

Òórùn òróró màṣíìnì àti ti ẹ̀gẹ́ tó ti ń kan ló máa ń kún inú ìsọ̀ ìránṣọ mi ní Adja-Ouèrè nígbà náà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ gan-an ni àwọn obìnrin ti ń fún ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi din gàrí, afẹ́fẹ́ a sì gbé òórùn rẹ̀ wọlé bá mi nídìí iṣẹ́, débi pé oníbàárà mi kan máa ń sọ pé ebi ń pa òun nígbàkigbà tí òun bá wọ ẹ̀wù tí mo rán. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí, ọ̀rẹ́ mi, tí mo ti kọ́ èdè Jàpáànù, láìsí olùkọ́ kankan nítòsí tó mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Màṣíìnì ló fà á. Mo ra ọ̀kan tí wọ́n ti lò rí láti Kútọnù. Irin rẹ̀ wúwo, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára àti ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá, èdè Jàpáànù ni. Bọ́tìnnì kan wà níwájú rẹ̀ tí mi ò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ni abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ padà sẹ́yìn, etí ẹ̀wù ìyàwó tuntun kan sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Inú bí mi. Mo ní dandan ni kí n mọ ohun tí ìwé yìí ń wí. Mo fi fóònù wá bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà wọn, mo ra káyẹ́ ìkọ̀wé kan, mo sì ń kọ lẹ́tà márùn-ún márùn-ún láràárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí bọ́tìnnì náà wà fún, èdè ọ̀hún ti wọ̀ mí lára, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Mo máa ń sọ ọ́ sókè, nítorí ahọ́n kì í mọ ohun tí ojú nìkan kà. Mo ń kí áyọ́ọ̀nù, mo ń béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ sísọ́ọ̀sì. Ìyá kan tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fara dà á títí, ó wá yọjú lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, ẹ̀mí wo ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀mí kọ́ o, màmá. Èdè Jàpáànù ni.”

Ó rò ó díẹ̀. “Ó dáa. Jàpáànù náà nílò àdúrà.” Ó sì gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà fún wọn, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi èdè náà ṣe ni ìyá àgbà mi tó ń gbé ní Massè. Òun kò jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ó ti ru epo àti gàrí lọ sí gbogbo ọjà tó wà láàárín Pobè àti Àjàṣẹ́. Yorùbá Ọ̀họ̀rí tiwa ló gbọ́ láti ilé, Ègùn ló fi ń ná ọjà, Fọ̀n ló fi ń bá àwọn awakọ̀ jà, ó sì ní Faransé kékeré kan tó fi pamọ́ fún àwọn ṣọ́jà ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ fún un pé ojú ń tì mí láti la ẹnu, ó ní, “Kí lo ń tijú sí? Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á sọ èyí tó tọ́ fún ọ.”

Òun náà ló pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Mo ṣì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò kan.

“Sáré wá o! Òyìnbó obìnrin kan wà nílé mi. Kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Ègùn, ẹ̀rín nìkan ló ń rín. Ṣé kì í ṣe àwọn tìrẹ nìyẹn?”

Mo ti ìsọ̀, mo gun ọ̀kadà zẹmijan, mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ sínú títí a fi dé Massè. Ẹlẹ́rọ kan láti Jàpáànù ló wá wo ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí. Ìyá rẹ̀ ti wá kí i láti ìlú wọn, ó sì bá a jáde kí ó lè rí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti bá àwọn ọkùnrin wa lọ sínú oko lápá Oko-Akarè, níbi tí fóònù kì í ti í dún, ó ní òun á padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá náà wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ìyá àgbà mi, ó fi fìlà koríko bo orí funfun, ó sì káwọ́ lé itan bí ọmọ ilé ìwé.

Mo kúnlẹ̀, nítorí mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń kí àgbàlagbà, mo ní, “Konnichiwa.” Ìyá náà pariwo! Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, bóyá ni mo gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo ní kó rọra. Ó rọra. Mo bi í léèrè ọmọ mélòó ló bí, ó ní méjì. Ó bi mí pé ta ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn mi, mo fọwọ́ kan àyà mi. Ìyá àgbà mi ń wo ẹnu wa bí ẹni ń wo eré bọ́ọ̀lù.

Oòrùn yẹ àtàrí, ọmọ kò dé. Ìyá àgbà gbé oúnjẹ wá, àlejò náà tẹrí ba, ó dúpẹ́, ó ní òun yóò dúró de ọmọ òun. Nígbà tó yá, mo bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Òógùn ti bò ó lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ife omi jábọ́, ó sì ń wò wá bí ẹni tí kò rí wa rí. Àwọn obìnrin agbo ilé ní oòrùn ló pa á. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló ń tún sọ: “Ame. Ame.”

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Òjò ni. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú lápá Tatonnonkon ní tòótọ́. Mo wí fún wọn pé, “Ó ní òjò ń bọ̀.” Wọ́n sáré gbé e wọ yàrá. Ṣùgbọ́n ó di ìró mi mú, ó ń mi orí, ó tún wí i, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀: “Ame.”

Ìgbà yẹn ni etí mi là. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́. Ẹni tó bá ṣi ohùn mú, nǹkan mìíràn ló sọ. Ame tó jẹ́ òjò, òkè ni ohùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá bọ́ sílẹ̀. Èyí tí ìyá yìí ń pè, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè. Mo rántí ojú ewé tí mo kọ méjèèjì sí nínú káyẹ́ mi. Ìkejì ni bọ́nbọ́n, ohun dídùn tí ọmọdé ń lá.

“Kì í ṣe òjò!” ni mo pariwo. “Bọ́nbọ́n ni! Ohun dídùn ló ń fẹ́. Ìyá àgbà, ẹ fún mi ní ṣúgà!”

“Ẹni tó ń kú lọ ló ń wá bọ́nbọ́n?” ni obìnrin kan wí.

Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ṣì í gbọ́ ńkọ́? Bí ohun tí mo fẹ́ fún un bá pa á ńkọ́? Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi ti dìde. “Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí. “Òun ló gbọ́ ọ.” Ó ka ṣúgà oníhóró tó fi ń mu gàrí lé mi lọ́wọ́. Mo fi ẹyọ kan sí ahọ́n àlejò wa, mo po ìyókù mọ́ omi, mo ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ padà wálé. Ó wo ife, ó wò mí, ó ní, “Oishii.”

“Kí ló wí?” ni gbogbo wọn béèrè.

“Ó ní ó dùn.”

Ẹ̀rín bú nínú yàrá yẹn, ọ̀rẹ́ mi, títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọmọ rẹ̀ dé láìpẹ́. Àìsàn àtọ̀gbẹ ló ń bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, kò sì jẹun lásìkò, ni ṣúgà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, àpò tí bọ́nbọ́n rẹ̀ wà sì ti bá ọkọ̀ lọ sí oko. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó tẹ̀ba níwájú mi títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́jú bíi tábìlì, ó tún tẹ̀ba fún ìyá àgbà. “Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni,” ni ìyá àgbà wí. Ọkùnrin náà bi mí ní èdè wọn pé ta ló kọ́ mi. Mo ní èmi nìkan ni. Ó ní kí n tún un wí, bí ẹni pé etí òun ló ṣì í gbọ́.

Wọ́n gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ kẹta, ó padà sí Massè, ó ní òun wá kí ọ̀rẹ́ òun. Mo ṣe ògbufọ̀ fún wọn fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà wọn ò wò mí mọ́. Ìyá àgbà mi nawọ́ sí nǹkan, ó sọ orúkọ rẹ̀. Èkejì sọ tirẹ̀. Wọ́n dé orí àga. “Isu,” ni ìyá Jàpáànù wí. Ìyá àgbà mi ṣubú lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rín. “Ó fẹ́ jókòó sórí iṣu!” Nígbà tí wọ́n dé orí ọmọdé, tí ìyá àgbà gbọ́ “kodomo”, ó pàtẹ́wọ́: “Ẹ ò gbọ́ ọ bí? Ọmọ wà nínú rẹ̀!” Mi ò sọ fún un pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Inú rẹ̀ dùn jù.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, mo kà á sí eré tí mo fi ń dá ara mi lára yá. Mi ò mọ̀ pé nígbà tí nǹkan bá le fún èèyàn, èdè tó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń kù fún un, ẹni tó bá sì lè bá a níbẹ̀ ni yóò mọ ohun tó ń fẹ́. Mi ò sì mọ̀ pé Yorùbá mi ló máa la etí mi sí èdè àwọn ẹlòmíràn. Obìnrin kan láti òkè àríwá ti wá ń ta òrí lọ́jà wa báyìí. Bàrìbá ló ń sọ, ó sì máa ń dá jókòó. Ní àná, mo kí i ní èdè rẹ̀. Mo ṣì í pè. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ èyí tó tọ́ fún mi, ó sì fa àpótí kan wá kí n jókòó.