Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Bàbá Ṣáájú

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí nígbà náà, èmi tí n kò tíì bímọ kankan. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1980 ni. Olú iléeṣẹ́ wa wà ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́bàá oríta Takie. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibi méjèèjì, ìyẹn sì ń gùn mí díẹ̀. Bí mo bá ti gbé àpò dísìkì kọ́ apá, tí mo wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó rò pé dókítà tó ń lọ ṣiṣẹ́ abẹ ni.

Lọ́jọ́ kan, DOS tuntun dé. DOS ni ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí i, àpótí lásán ni. A kò ra àwọn ẹ̀rọ wa lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà DOS inú wọn kò dọ́gba. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì. Àwọn tó ti ń lo DOS kẹta ni ẹgbẹ́ kìíní: a kàn máa fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ ni, kò ní pẹ́, kò ní ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó ṣì wà lórí DOS kejì ni ẹgbẹ́ kejì: a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù inú wọn sórí dísìkì pẹlẹbẹ, ká nu inú wọn mọ́, ká fi DOS tuntun sí i, ká tó dá ẹrù padà. Mo lẹ téèpù pupa mọ́ ẹgbẹ́ kìíní, mo lẹ aláwọ̀ ewé mọ́ ti kejì. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi nínú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà Bàbá bọ́ sí ẹgbẹ́ kejì. Bàbá ni gbogbo wa ń pe akọ̀wé àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sẹ́ni tó dàgbà tó o ní iléeṣẹ́ wa. Nítorí pé òun ni àgbà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà fún. Nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ rà á fún, tirẹ̀ ló gbó jù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọlé, kí n máa fún àwọn ọmọ ọ́fíìsì ní nǹkan tuntun, kí ẹni tó tó bí mi lọ́mọ jókòó kó máa wò mí? Nílé wa, bí ẹran bá jinná, a mọ ẹni tí a ń kọ́kọ́ bù fún. Mo ṣí téèpù ewé kúrò lára ẹ̀rọ Bàbá, mo lẹ pupa mọ́ ọn.

Ohun kan sì wà nínú ẹ̀rọ yẹn tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́. Màmá Bàbá, tó tajà ní Ọjà Igbó títí ara fi kọ̀ ọ́, ti ka ìran àwọn obìnrin ilé wọn fún un kó tó kú: ìyá tó bí ìyá, ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, oríkì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin agboolé mọ orúkọ àwọn baba dáadáa. Ti àwọn ìyá, màmá yẹn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé tí ikán ti ń jẹ. Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, pé ohun tó bá ti wọbẹ̀ kì í sọnù mọ́. Ó ń fi àsìkò ìsinmi ọ̀sán tẹ̀ ẹ́, ìka kan ṣoṣo, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó kó ìwé ikán dànù.

Lọ́jọ́ tí mo gbé DOS tuntun dé, gbogbo ọmọ ọ́fíìsì pé sẹ́yìn àga Bàbá. Mo ti dísìkì bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, ó ní kò sí àyè fún DOS tuntun. Ojú tì mí láwùjọ. Ó yẹ kí n sọ pé, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ná.” N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo pàṣẹ fún un kó nu inú rẹ̀ mọ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀dà iṣẹ́ iléeṣẹ́ wà ní Ọ̀yọ́, ìyẹn nìkan ni mo rò. Màmá Bàbá kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ̀rọ jí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá sún àga mọ́ ọn, ó wá ohun tó ń wá, kò rí i.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, ti màmá mi ńkọ́?”

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti pa á rẹ́.”

Ó wá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Dìde, ọmọ mi. Àpọ́nlé lo fẹ́ ṣe fún mi. Ká ní o fi mí sẹ́yìn àwọn ọmọ yìí ni, èmi gan-an ì bá bínú.”

Ọ̀gá wa obìnrin ní Ọ̀yọ́ náà ní, “Àgbà lo bọ̀wọ̀ fún, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí.” Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá sunkún, ara ì bá tù mí. Ìdáríjì wọn le fún mi ju èébú lọ.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ṣe ẹgbẹ́ kejì bó ṣe yẹ. Ohunkóhun kò sọnù. Àwàdà àwọn ọmọ ọ́fíìsì, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀ láìyingin. Ó dùn mí bí mo ṣe ń rí i.

Bàbá pè mí pé kí n wá jókòó, òun yóò máa sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí màmá rẹ̀, ó bọ́ sórí ìyá tó bí i, ó ki ìyẹn dáadáa. Ó sọ ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Ó fẹ́ mú ìyá tó bí ìyẹn, ohùn rẹ̀ dúró. Ó dijú, ó là á, ó kọjú sí mi.

“Ìwọ tí o máa ń jókòó tì mí nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́,” ó ní, “o ò rántí èyí tó kàn?”

Òótọ́ ni, mo máa ń jókòó tì í. Ìka rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá ibi tó yẹ ló ń tẹ̀.

“Mi ò rántí mọ́, Bàbá,” ni mo wí, nítorí n kò lè wò ó lójú kí n sọ pé n kò kà á rí.