Ọrùn-ọwọ́ Tí Kì í Ṣe Ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Gbòǹgbò gbígbẹ, èèpo igi àti atalẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń rùn, títí òórùn náà fi wọ inú kóòtù mi lọ. Kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Altona, nílẹ̀ Jámánì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Lọ́sàn-án, mo máa ń bá ìyá àgbàlagbà kan, ará Ṣáínà tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀, gé egbò igi, mo sì ń wọn ewé sínú àpò bébà. Èdè Jámánì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Òun náà ń ṣì í sọ, èmi náà ń ṣì í sọ.

Bí a bá ti ń gé egbò, ìtàn lẹnu wọn. Wọ́n ní láyé àtijọ́, tí èèyàn bá ṣàìsàn nílẹ̀ àwọn, wọ́n á ní òkú ọ̀run ló ń bínú. Ìgbà tó yá ni àwọn onírònú kan dìde tí wọ́n ń wo òkè: apá kan wà nínú oòrùn, apá kan wà lábẹ́ òjìji, òkè kan náà sì ni. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ara rí, òtútù àti ooru jọ ń gbé ibẹ̀, àìsàn sì máa ń dé bí ọ̀kan bá lé èkejì jáde. Mo túmọ̀ "tibi tire la dálé ayé" fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn baba ńlá wa ti ní láti pàdé níbì kan. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ jù ni pé èèyàn ni àwọn ń wò, kì í ṣe orúkọ àrùn. Ikọ́ kan náà lè mú ẹni méjì, kí oògùn wọn yàtọ̀.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbẹ lọ ní Berlin, ní Tempelhof, níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Mo lọ kí wọn, mo sì rí i pé orí àga ni wọ́n ń sùn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, èémí ò ní dáa mọ́. O sì mọ àwa ọmọ ìjọ, a kì í fẹnu ara wa pe àìsàn.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí Krankenhaus, kí dókítà wò yín," ni mo wí.

"Kí wọ́n lè fún mi lórúkọ àìsàn? Mi ò gbà á. Ara mi le." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bá mi béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìyá ará Ṣáínà rẹ yẹn. Má sọ pé èmi ni o."

Nílé, ta ni kì í ránni lọ gba àgbo? Wàá ní inú ń run mọ́mì, wọ́n á bù ú fún ẹ, ó parí. Nítorí náà, mo jókòó síwájú ìyá náà, mo ka gbogbo ohun tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi bíi pé èmi ló ń ṣe. Wọ́n gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn-ọwọ́ mi, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, wọ́n pa ojú dé.

"Ta ló ń ṣàìsàn?" ni wọ́n bi mí. "Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lè sáré gun òkè ló wà níbí."

Ojú tì mí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ò bínú. Wọ́n ní ẹni tó ń jókòó sùn kì í ṣe ẹni tí à ń fún ní ewé, kí n mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ká ní mo gbọ́ràn ni. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi bà mí, n kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́ òfo. Mo ra atalẹ̀ gbígbẹ àti èso pupa kan tí kò lè pa eṣinṣin, mo dì í, mo fi ránṣẹ́, mo ní ìyá náà ló pò ó fún wọn.

"Ara tù mí," ni ẹ̀gbọ́n mi wí lórí fóònù. Inú mi dùn, mo tún fi òmíràn ránṣẹ́. Bí oṣù kan la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára láti fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́, omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó bi mí pé kí ló dé tí a kò tètè wá.

Àwọn àgbà Ṣáínà yẹn lo ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó lè gbójú kúrò lára òkú ọ̀run, kí wọ́n wá wo ẹni tó jókòó níwájú wọn. Èmi gbọ́ ìtàn náà tán, n kò sì wo ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe atalẹ̀ ló pa wọ́n. Irọ́ mi ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn," ni wọ́n wí. "Sọ fún wọn pé wọ́n gbìyànjú lórí mi."

Mo ní mo ti gbọ́. N kò padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́, n kò sì dágbére. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n mi rán mi nìyẹn, n kò tíì jẹ́ ẹ.