Ṣùkúrátù Kọ̀, Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ẹ̀gẹ́ Àkùrọ̀

Ní Ìkẹ́rẹ́ wa, a kì í ta igi ẹ̀gẹ́ tí a ń gbìn fún ara wa. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán á mú àdá, á lọ gé nínú oko aládùúgbò, á dúpẹ́, ó parí. Ohun tó bí ìlú nínú sí Ṣùkúrátù nìyẹn.

Ọ̀dá yẹn burú. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, a sáré gbìn, ló bá kẹ̀yìn sí wa. Oòrùn jó ẹ̀gẹ́ orí òkè títí ó fi ku igi lásán. Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó ti òkè òkun wọ̀lú tipẹ́ wá ń fa omi ara ìyókù mu. Ọ̀tá kòkòrò yìí wà o: kòkòrò tín-ín-tín mìíràn tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kó wá láyé ìyá Ṣùkúrátù. Góńgó orí ẹ̀gẹ́ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń pa olè yẹn jẹ. Ṣùgbọ́n góńgó orí tó ti gbẹ, ta ni yóò gbé inú rẹ̀? Ọ̀dá pa ọdẹ, ó dá olè sí.

Àkùrọ̀ Ṣùkúrátù nìkan ló ṣì tutù. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò gé igi kan níbẹ̀.

"Bí ẹ bá gé e báyìí, inú eruku lẹ ó gbìn ín sí. Yóò kú, kòkòrò tó ń gbà wá yóò bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò fìdí múlẹ̀."

Wọ́n pè é ní ahun. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó ń fi kòkòrò ṣoògùn. Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Èyí tó dùn ún jù ni ti Ṣàkírù, àbúrò rẹ̀ tó pọ̀n dàgbà, tó gbé àdá wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ebi á pa àwọn ọmọ mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀."

Ṣùkúrátù jókòó sórí ebè. "Orí mi ni kí o kọ́kọ́ gé."

"Ó dáa. Láti òní, ẹ má tẹ ulé mi mọ́."

Obìnrin náà sunkún títí, ṣùgbọ́n kò dìde níbẹ̀.

Nígbà tí òjò padà tó sì dúró ire, ó ní ká máa bọ̀ wá gé. A lọ, ojú ń tì wá. Ṣàkírù nìkan ni kò wá. Ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ ń rúwé, kòkòrò aláwọ̀ ewé sì ń run ún bó ti ń rú. Ni Ṣùkúrátù bá ṣẹ́ góńgó orí ẹ̀gẹ́ àkùrọ̀ kún agbọ̀n, ó rù ú dé oko àbúrò rẹ̀, ó ń so wọ́n mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kòkòrò ọdẹ inú wọn lè bọ́ sára ẹ̀gẹ́ Ṣàkírù.

"Mo ní kí ẹ má wá sọ́dọ̀ mi," Ṣàkírù wí.

"Ulé rẹ lo ní kí n má tẹ̀. Oko yèyé wa lèyí. Má kí mi o, kì í ṣe úwọ ni mo wá bẹ̀ wò."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwojú rẹ̀. "Gbé okùn yẹn fún mi."

Ṣàkírù mú okùn náà nílẹ̀. Ó gbé e fún un.