Iná Tó Ń Ṣẹ́jú Lẹ́yìn Ọkọ̀ Àna Mi

Tí òórùn ike tó ń yọ́ bá ti kan imú mi, ibi yòówù kí n wà, ẹ̀bá títì Adakpamé ní Lomé ni ọkàn mi máa ń gbà lọ, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń jáde láti èbúté ti máa ń tò gbọọrọ láàárọ̀. Òórùn pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹja tí wọ́n ń yan wà níbẹ̀, èéfín ọkọ̀ wà níbẹ̀, iyọ̀ òkun sì wà nínú atẹ́gùn débi pé ètè ẹni máa ń dùn ún lá. Imú mi ti mọ gbogbo ìwọ̀nyẹn tipẹ́. Ti ike yẹn ló yàtọ̀, nítorí inú ọkọ̀ àna mi ló ti ń jáde lọ́jọ́ kan, èmi náà sì jókòó sínú ọkọ̀ ọ̀hún.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin tó ti dolóògbé ni àna mi yìí. Ará apá Atakpamé ni, ọmọ Ifẹ̀ ti ibẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ló sì ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní tèmi, ìdí aṣọ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ló gbé òwò náà wá láti ìhà Ọ̀yọ́, mo sì jókòó tì í nínú ọjà Lomé títí irùngbọ̀n mi fi funfun. Èdè wa jọra, kò sì jọra. Tó bá sọ tirẹ̀ tán, màá ní kó tún un sọ. Témi náà bá sọ tèmi, á ní Yorùbá àwa oníṣòwò ti ní Gẹ̀ẹ́sì nínú jù. Tó bá wá sú wa, a ó yà sínú Faransé tàbí Mínà, èdè àwọn ará etíkun níbí, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ. “Ẹ” ni a máa ń fi pe ara wa láti ọjọ́ ìdána títí di òní.

Òun àti àbúrò mi ra ilẹ̀ kan sí Kpogan, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n sì kọ́ yàrá kan síbẹ̀. Kí àbúrò mi tó kú, ó gbin igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, kì í mú omi dúró, kànga wọn sì níyọ̀. Nítorí náà ni àna mi ṣe máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi dídùn sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká lọ fi bomi rin igi náà. Èmi a sì bá a lọ. Kì í ṣe omi ni mo ń bá lọ. Tá a bá ti da omi náà tán, a ó jókòó sórí àga méjì, a ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ á sì máa ṣú lọ.

Wíwa ọkọ̀ rẹ̀ ní ètò tirẹ̀. Tó bá fẹ́ yà, á kọ́kọ́ ti ọ̀pá tiráfíkétọ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, iná á máa ṣẹ́jú lẹ́yìn, ìró rẹ̀ á sì máa dún níwájú wa, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń fi igi rúlà lu tábìlì jẹ́jẹ́ kí àwọn ọmọ lè dákẹ́. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú títì. Á jẹ́ kó dún títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó yí sítíárì. Àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí a ń pè ní zémíjàn níbí, á máa fọn fèrè lẹ́yìn wa. Á ní, “Ẹni tó bá ń kánjú, kó fò mí kọjá.”

Nígbà tó yá, zémíjàn kan kò lè fò ó. Ó sáré wá gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ wa bá a ṣe ń yà ní Baguida. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọmọkùnrin náà ní òun ò rí iná kankan, kò sì parọ́, nítorí oòrùn àti iyọ̀ òkun ti jẹ ojú iná ẹ̀yìn náà débi pé ó ń tàn bàìbàì, bí fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté, ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun nìkan ló kù sí Lomé nínú àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ pé kí bàbá òun má wakọ̀ mọ́.

“Papá, ojú yín ò dá tó.”

“Ojú mi dá.”

“Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí.” Ó yọ gílóòbù tuntun méjì jáde nínú báàgì, àwọn tí wọ́n ń pè ní LED, tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń ta yọ lọ́sàn-án gangan. “Ẹ lọ fi èyí sí i, kí àwọn èèyàn lè máa rí yín. Àmọ́ tí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn.”

Àna mi mi orí pé òun gbà. Ìwọ náà mọ irú ẹni tí mò ń sọ. Tí irú wọn bá ti mi orí, ó ti parí nìyẹn.

Abẹ́ igi dóńgóyárò kan ní Adakpamé ni rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe máa ń wà. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Mínà, ẹnu rẹ̀ sì máa ń dùn ní èdè méjèèjì. Ó fi gílóòbù náà sí i, ó ní kí àna mi dán an wò. Iná náà mọ́ bí epo pupa tuntun tí wọ́n gbé sóòrùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí iyanrìn fẹ́ sí. Ìró inú ọkọ̀ náà yára, kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́, kò sinmi.

“Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?” ni mo bi í.

“Alhaji, tuntun ni. Ara rẹ̀ ló ń yá. Ẹ ò rántí ìgbà tí ẹ̀yin náà gbéyàwó?”

A rẹ́rìn-ín, a sì lọ. Kí a tó dé Kpogan ni mo ti rí i pé ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ara rẹ̀ yá. Àna mi ti ọ̀pá náà, ìró náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ọwọ́ rẹ̀ sì bá a sáré. Kò dúró bó ṣe máa ń dúró. Ó kàn já wọ ọ̀nà tó wọ ilé wọn, ìyá kan tó ru igi ìdáná sì fò sínú koríko. Ìyá náà kò bú wa. Ó kàn fi Mínà béèrè pé ta ló ń lé àwọn bàbá arúgbó wọ̀nyí. Mo rẹ́rìn-ín. Àna mi kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ọkọ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Àna mi, mi ò pinnu láti yà nígbà yẹn.”

A padà sọ́dọ̀ rewáyà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣàlàyé. Ó ní gílóòbù tuntun náà kì í jẹ iná tó ti àtijọ́. Ọkọ̀ náà kò mọ̀ ọ́n, ó rò pé gílóòbù kan ti kú, ó wá ń fi ṣíṣẹ́jú kíákíá yẹn ké sí ẹni tó ń wà á. Ohun tó máa jẹ iná tó ṣẹ́ kù ni a ó fi kún un, kí ọkọ̀ lè rò pé gílóòbù àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó mú irin kékeré méjì wá, aláwọ̀ wúrà, wọn ò ju páálí ìṣáná lọ. Ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ wáyà iná ẹ̀yìn, ó sì fi tépù lẹ̀ wọ́n mọ́ ike tó wà nínú búùtù. Ìró náà padà sí ipò rẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Àna mi fọwọ́ lu sítíárì, ó bá ìró náà rìn díẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ rẹ̀ bá wa jáde. Ẹ̀yìn ló jókòó sí. A fẹ́ yà sósì ní Adakpamé, àwọn ọkọ̀ ẹrù sì ń bọ̀ níwájú wa láìdáwọ́ dúró, àfi ká máa dúró. Iná náà ń ṣẹ́jú, ìró náà ń dún, àna mi sì ní sùúrù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni òórùn ike dé. Mo kọ́kọ́ rò pé níta ni. Ọmọ náà yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Papá, ẹ pa ọkọ̀. Nǹkan ń jó ní búùtù.”

Kò jó tán. Irin kékeré yẹn ló gbóná nítorí pé a dúró pẹ́, ó yọ́ tépù, ó sì lu ihò sára ike. Ọmọ náà fi etí gèlè rẹ̀ mú un, ó fà á jáde pẹ̀lú wáyà rẹ̀, ó sì fa èkejì náà yọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́.

“Papá.”

Àna mi yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ géètì Kpogan wà lára òrùka kan náà. Ó fi ara balẹ̀ yọ ti géètì sọ́tọ̀, ó fi í sápò, ó wá fún un ní ti ọkọ̀. Ọmọ náà ló wà wá padà sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò di ìjà, ì bá sì sàn kó di ìjà. Ọmọ náà ní òun á máa rán ẹnì kan lọ bomi rin igi náà. Àna mi ní kò burú. Ìgbàkígbà tí mo bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, màá bá a níwájú ilé, tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo lọ bá ọmọ náà níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo ní kó ro ti bàbá rẹ̀. Tọ́ntọ́n, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ìyá, ló máa ń fi Faransé pè mí.

“Tọ́ntọ́n, òun náà ni mò ń rò. Màmá ti lọ. Tí wọ́n bá tún wá pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá gbé Papá lójú títì ńkọ́?”

Mo kí i, mo sì gba ọ̀dọ̀ rewáyà lọ. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà, ká pààrọ̀ fíláṣà, ìyẹn ohun kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń mú kí iná máa ṣẹ́jú. Irú tuntun kan wà tí kì í bìkítà nípa gílóòbù. Ọmọ náà gbé ọkọ̀ wá, rewáyà pààrọ̀ rẹ̀, ó fi bébà ìwé ìròyìn wé ti àtijọ́, ó sì fún mi. Iná náà ń ṣẹ́jú dáadáa, kò yára, kò falẹ̀. Ó tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó ní kí bàbá òun wà á lọ sí Kpogan lẹ́ẹ̀kan péré, òun á jókòó sẹ́yìn, òun á sì mọ ohun tí òun máa ṣe.

Àna mi wọ fìlà rẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ náà. A gbéra. Mo kíyè sí i pé inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́ ju bó ṣe máa ń rí lọ, mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó fà á. Ó ti ọ̀pá, ó wo ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè, ó tún wo ìsàlẹ̀. Bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ibi tí a ti yà nìyẹn. Ní Baguida, ó wo ìsàlẹ̀ pẹ́, ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tí àwọ̀n ìpẹja wà nínú rẹ̀ sì já sí iwájú wa.

“Papá, iwájú.”

Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró, ọmọlanke náà kọjá. Mo ń retí ọwọ́ ọmọ náà láti ẹ̀yìn. Kò nà án.

“Kí lẹ ń wò nísàlẹ̀ látàárọ̀?”

“Mò ń wò ó bóyá ó ń ṣẹ́jú. Kò dún.”

“Ṣé ó gbọ́dọ̀ dún ni?”

“Tí kò bá dún, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó kí n yà?”

Lóòótọ́ ni. Fíláṣà tuntun náà kì í dún rárá. Ohùn ọmọ náà wá yí padà. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, tí bàbá òun ń gbé àwọn lọ sílé ìwé, òun a máa bá ìró yẹn pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, tí òun bá ti pàtẹ́wọ́ tó, ọkọ̀ á yà, òun sì rò pé òun ni òun ń yà á. Ó wá ní, “Tọ́ntọ́n, ti àtijọ́ yẹn dà?” Inú àpò dànṣíkí mi ló wà.

Kí a tó dé Kpogan rárá la ti yí padà. Ọmọ náà ní kí rewáyà dá fíláṣà àtijọ́ padà, kó so irin aláwọ̀ wúrà wọ̀nyẹn padà, ṣùgbọ́n mọ́ ara irin ọkọ̀, kó má ṣe kan ike.

“Madáàmù, kò sí ihò lára irin yẹn ni mo ṣe fi tépù lẹ̀ wọ́n mọ́ ike.”

“Ẹ lu ihò sí i.”

Ó lu ihò, ó fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n. Ọmọ náà ní kí iná máa ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ra ẹ̀pà sísè, ó jókòó sẹ́nu búùtù, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ike náà léraléra. Nígbà tí ẹ̀pà tán tí ike náà ṣì tutù, ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àna mi tún fi ti géètì kọ́ ọ lára níbẹ̀. Nígbà tí a dé Kpogan, igi ọsàn náà ti gbọn ewé, àmọ́ kò kú.

Ó wa ọkọ̀ náà pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a fẹ́ yà wọlé ní Kpogan, ó ti ọ̀pá, ó dúró, ó sì ń dúró náà.

“Àna mi, ṣé ó ń dún?”

“Ó ń dún.”

Ó tẹ́tí sí i díẹ̀ sí i. “Mi ò gbọ́ ọ mọ́,” ló wí.

A rọra padà. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sí i lọ́wọ́, ti ọkọ̀ àti ti géètì. Ọmọ náà gbà wọ́n.

Ọmọ náà ló ń wà wá báyìí. Tó bá fẹ́ yà, á ti ọ̀pá, á jẹ́ kó dún, àwọn zémíjàn á máa fọn fèrè, kò sì ní dá wọn lóhùn. Àna mi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, á di ojú. Mo ti mọ àgbà tí àwọn ọmọ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n gbà á lóòótọ́, àmọ́ àgbà náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ ẹ̀pà yẹn ni mo máa ń rántí. Àkókò ni ọmọ náà fún bàbá rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bàbá náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ ìgbà tó tó kó fi ọkọ̀ sílẹ̀.