Òfin Tó Jí Lójú Oorun

Ìyá Wáyà ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ kankan. Ẹ̀rọ méjì ló ń tọ́jú. Ọ̀kan wà níwájú bí aṣọ́nà: òun ló ń gba àdírẹ́sì tó ní nọ́ńbà aláìsàn nínú, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀, á tún un kọ sí irú èyí tí ẹ̀rọ kejì gbọ́, á wá tì í wọlé. Ẹ̀rọ inú yìí ló ń gbé fáìlì aláìsàn jáde. Bí aṣọ́nà bá júwe ọ̀nà òdì, ilé onílé lèèyàn máa já sí.

Olóògbé kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọdún méjì rèé tó ti kú. Ohun a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá náà nìyẹn. Kì í pa òfin ẹ̀rọ iwájú rẹ́ láé, ìyẹn àwọn ìlà tó ń sọ ibi tó máa darí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan sí. Èyí tí kò bá wúlò mọ́, á fi àmì kan síwájú rẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa kà á mọ́, á ní òun mú un sùn ni.

Àwọn òfin tó ń sùn yìí pọ̀ lọ súà, wọ́n sì ń bí Ìyá Wáyà nínú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ. Ta ló rán an níṣẹ́?

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ló bá kúkú lọ jókòó ti àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ iwájú, níbi tí ẹ̀rọ náà ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè sí, àti tábìlì tí wọ́n ti béèrè rẹ̀. Ó rí i pé láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹnì kan ti ń béèrè aláìsàn 417, ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Tábìlì kẹsàn-án ló ti ń wá. Tábìlì Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì ni tábìlì kẹsàn-án.

Ó rò pé aláìníṣẹ́ kan ló lọ jókòó síbẹ̀. Ó ṣí fáìlì 417. Ìyàwó Ọ̀gá ni, tó kú sínú ilé ìwòsàn yìí kan náà kí ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Orí Ìyá Wáyà wú.

Ìgbà náà ló rí ìlà kan láàárín àwọn yòókù: nọ́ọ̀sì béèrè 4176, nọ́ńbà màmá rẹ̀, ẹ̀rọ iwájú sì fi 417 ránṣẹ́ sínú. Ojúewé kékeré tí nọ́ọ̀sì ń wò kì í gbé orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń gbé. Ó gbá fóònù mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa ẹ̀jẹ̀ kankan sí màmá mi lára. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí yẹn, ti òkú ni."

Nọ́ọ̀sì ní àpò ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á dá a padà.

Kò pẹ́ tó fi rí àṣìṣe náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ti wá. Dípò kó pa ìlà kan rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àmì iwájú rẹ̀ nìkan ló pa. Òfin tí Ọ̀gá fi fáìlì ìyàwó rẹ̀ dán wò láyé ọjọ́un ló jí yẹn, kò sì sí àmì òpin ní ìdí rẹ̀, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà tó bá fi 417 bẹ̀rẹ̀ ló ń gbá mú, tó ń darí sí fáìlì 417. Ó dá àmì iwájú padà. Ó tẹ 4176. Màmá rẹ̀ ló jáde, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀.

Ó lọ sí yàrá tábìlì kẹsàn-án, kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni yòówù kó wà níbẹ̀. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ́nà ilé ìwòsàn ṣí i fún un, ó ní ó tó ọdún kan tí wọ́n ti kó ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ. Eruku bo tábìlì, kò sí ipa ọwọ́ kankan lórí rẹ̀. Wáyà kan ló rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri, kò so mọ́ nǹkan kan.

Ó padà sídìí àkọsílẹ̀. Tábìlì kẹsàn-án ti béèrè ẹ̀ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn tó tún òfin ṣe. Kì í ṣe 417 mọ́. 4176 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò béèrè ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀rù bà á, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ ṣé, sà," ló sọ sínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan.

Títí di òní, òfin 417 ṣì wà nínú fáìlì náà. Kò pa á rẹ́. Ó ń sùn.