Ọwọ́ Tó Ń Ya Ọnà Agbádá

Gbogbo agboolé wa ní Bẹẹrẹ ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń mutí, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ilé mùsùlùmí ni ilé wa, ilé kéwú wà lẹ́yìnkùlé gan-an. Inú ike omi ni ògógóró rẹ̀ máa ń wà, lábẹ́ tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí àlejò bá bèèrè ohun tó wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á ní omi tí wọ́n fi ń fọ ojú ni. Gbogbo wa á dákẹ́, bí ẹni pé lóòótọ́ ni ojú ń dun ẹ̀gbọ́n mi lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń ya ọnà sára agbádá. Àwọn tó ń fi máṣíìnì rán ọnà pọ̀ ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà á sára aṣọ, tí àwọn yẹn á wá fi òwú tẹ̀ lé e, kò pọ̀. Kì í wo ìwé, kì í wo fóònù. Á tẹ́ aṣọ gínì sórí tábìlì, á gbé ike náà sẹ́nu, á gbé e sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọrùn bọ̀ sí àyà, á ká, á tú, á tún ká. Láti kékeré ni mo ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó, tí orí mi á máa wú. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ọtí ló ń yà á. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, títí kan ìyàwó rẹ̀, tó kórìíra ọtí náà bí ẹni kórìíra orogún.

Mo wà ní yunifásítì nígbà yẹn, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà àti ìṣesí ọmọ ènìyàn fún dígírì kejì. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni pé kí n máa bi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ léèrè bí àrà tuntun ṣe máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Mo rìn láti Bẹẹrẹ dé Pópó Yemọja, mo gun òkè Màpó nínú oòrùn títí ẹnu mi fi gbẹ. Ọkùnrin kan tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà sọ fún mi pé òun kò lè kọ ohun tó dára àfi tí òun bá dé fìlà bàbá òun tó ti kú. Obìnrin onídìrí kan l'Ọjà'ba ní tòun, àfi kí òun kọ́kọ́ bá ẹnìkan jà láàárọ̀. Mo ní bí kò bá wá sí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n ńkọ́?

"Ṣé èèyàn wá ṣọ̀wọ́n l'Ọjà'ba ni?" ló fi dá mi lóhùn.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ní ẹ̀bùn tí mo lè fi ohunkóhun tọrọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà pé inú òun ló wà. Ó yà mí lẹ́nu gidi.

Ọdún yẹn náà ni inú ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ẹyinjú rẹ̀ sì pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, pé bó bá tún mutí, ikú ló ń mu. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ike lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó lọ dà á nù. A ṣe àlùhámúdù. A rò pé ó parí síbẹ̀.

Ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya ọnà kankan mọ́. Á tẹ́ aṣọ, á mú pẹ́ńsù, á jókòó tì í títí wọ́n á fi pe ìrun Àsárì, á sì ká aṣọ náà padà. Àwọn tó gbé aṣọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé e lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wọlé tọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́," ló wí. "Bí mo bá wo aṣọ, aṣọ lásán ni mò ń rí. Tí kò bá yá, màá padà sídìí ike yẹn. Kí n kúkú kú sẹ́nu iṣẹ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì fún un, pé ohun tí èèyàn bá ti gbà gbọ́ nípa ọtí lè mú un ṣe bí ẹni mutí, bí kò tilẹ̀ kan án lẹ́nu. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fi òyìnbó yẹn yọ òun lẹ́nu. Inú bí mi, mo sì bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a lọ sí mọ́sáláṣí l'Ọjà'ba, torí n kò fẹ́ kó dá rìn. Nígbà tí wọ́n kírun tán, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnìkan tó ń ta tẹ̀sùbáà. Àwọn ọkùnrin ń tú jáde ní mọ́sáláṣí nínú agbádá, funfun, búlúù, àwọ̀ ọsàn. Kò sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti rí ọnà tó yà tí kò ní dá a mọ̀. Kí n lè fi mú un tújú ká ni mo ṣe bèèrè pé:

"Bọ̀ọ̀dá mi, èwo ló dára jù nínú tiyín?"

Ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Wo ti bàbá tó mú ọ̀pá yẹn. Wo bó ṣe yí i lọ́rùn bọ̀."

"Ìgbà wo lẹ yà á?"

"Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni. Wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Yídì."

Ó tún nàka sí òmíràn, ó ní ìyẹn tiẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ ọdún ìtúnu nìyẹn náà. Ẹ̀kẹta, ọdún ìtúnu. Mo rọra ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ máa ń mutí nínú ààwẹ̀ ni?"

"Èmi kẹ̀?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Nínú Ràmàdáánì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ó tún wo bàbá tó mú ọ̀pá náà. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí òṣùpá ààwẹ̀ bá ti yọ, kì í fojú kan ike yẹn títí ọjọ́ ìtúnu á fi dé. Oṣù yẹn náà sì ni aṣọ máa ń pọ̀ jù lórí tábìlì rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Gbogbo agboolé ló mọ èkíní, gbogbo agboolé ló mọ èkejì, kò sì sí ẹni tó so méjèèjì pọ̀ rí, àní èmi tí mò ń rìn kiri ìlú pẹ̀lú ìbéèrè náà. Mo wo ọ̀pọ̀ èrò yẹn tí wọ́n wọ ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi sára, tí oòrùn ń ta sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A jẹ́ pé ààwẹ̀ ló ń yà á nígbà yẹn."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí tún ti bá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹlòmíràn tó ni ín! Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ pè mí lórí fóònù.

"Ọkọ mi, ẹ gbà mí o. Ẹ̀gbọ́n yín ní àwọn ti gbààwẹ̀. Wọn ò jẹun, wọn ò lo oògùn."

A gbé e lọ bá dókítà. Dókítà fi ohùn líle sọ fún un pé oògùn yẹn kò gbọdọ̀ bá inú òfìfo, pé kó má dán irú ẹ̀ wò mọ́. Ọtí ti lọ, ààwẹ̀ náà ti lọ. Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ike yẹn ló ń rò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀, ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, tó sì gbé oògùn mì. Obìnrin náà wá tẹ́ aṣọ gínì funfun kan síwájú ọkọ rẹ̀, aṣọ ọkọ ìyàwó tí nìkáhì rẹ̀ ti sún mọ́.

"Ṣé ẹ ò ní kúrò níbẹ̀ ni?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"A ò ní kúrò," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ó fa ìlà kan, ìlà náà wọ́, ó pa á rẹ́. Ó fa òmíràn, ó tún pa á rẹ́. Òógùn bò ó. Ó wá fa ọ̀kan tí kò pa rẹ́. Ìlà yẹn yí lọ́rùn aṣọ, ó pín sí méjì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà, ó ká wọnú ara rẹ̀, ó sì yọ níbi tí n kò fọkàn sí rárá. N kò rí irú rẹ̀ rí lára ọnà rẹ̀ kankan. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi, pẹ̀lú òórùn mọ́ínmọ́ín nínú yàrá, ẹ̀rù Ọlọ́run ló bà mí. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó wo aṣọ náà. Ó wò mí.

"Ṣé èmi ni mo yà á?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àwọn ti tẹ́lẹ̀ náà?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bọ̀ọ̀dá mi."

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí dókítà máa ń tẹ̀ wò, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ni mo wá ń mu gbogbo ọtí yẹn fún?"

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó rọra fa aṣọ náà títí apá ẹ̀yìn rẹ̀ fi dé iwájú ọkọ rẹ̀, funfun báláú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó jọ̀lọ̀.

"Bàbá wọn," ló wí, "ẹ̀yìn ẹ̀ ló kù."

Ẹ̀gbọ́n mi fi apá nu ojú, ó sì mú pẹ́ńsù.